Ohùn tí Mo Tì Mọ́lé

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ṣe fíìmù wá sílé mi, wọ́n ń so ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́ mi lọ́rùn ẹ̀wù lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn sì wà nínú àpò mi. Miriam ni mo tì mọ́ ibẹ̀. N kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Àyà ń dùn mí, dókítà kò sì fi pamọ́ fún mi pé ọjọ́ mi kò pọ̀ mọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí n tó lọ.

Juliet, arẹwà inú fíìmù àtijọ́ tí gbogbo Kábbà fi ń yangàn, ìyàwó mi ni. Ẹ mọ ojú rẹ̀. Ẹ rò pé ẹ mọ ohùn rẹ̀. Kàdúná ló dàgbà sí. Haúsá ló dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. Miriam, ọmọ Bùnù, ni wọ́n ń pè láti wá fi ohùn tirẹ̀ sí fíìmù náà, tí ẹnu Juliet á kàn máa mì. Iná sítóòfù ti jó Miriam lójú láti kékeré. Olùdarí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, wọn kò sì kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan. Nígbà tí Juliet kú, Miriam yìí kan náà ló wá ń gbé ilé mi, tó ń se oúnjẹ fún mi.

Ọmọ́ṣọlá, ọmọ Mopa tó ń ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé Juliet, pè mí lórí fóònù. "Okun o, Bàbá," ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa. "Kì í ṣe Màmá Juliet nìkan la fẹ́ o. A fẹ́ àwọn tí fíìmù ayé ijọ́un fi pamọ́ náà." Miriam gbọ́. Ó fọ aṣọ òfì rẹ̀, ó sá a. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ó ní, "Bàbá Ayọ̀wálé, ṣé ojú mi ò ní lé wọn sá?" Mo ní, "Yóò lé wọn." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Bó ṣe wọ yàrá ẹ̀yìn lọ mú gèlè ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Ọkọ Juliet ni wọ́n ń pè mí nílùú. Bí wọ́n bá gba ohùn kúrò lára Juliet, kí ló kù tí mo jẹ́? Ìkà ni mí.

Ọmọ́ṣọlá bi mí pé, "Màmá Miriam ńkọ́, Bàbá? Wọ́n ní ó bá Màmá Juliet ṣiṣẹ́ nígbà náà." Mo ní, "Ó ti kú." "Háà! Láti ìgbà wo?" "Ó ti pẹ́." Miriam gbọ́ ọ láti yàrá. Kò pariwo. Ọ̀rọ̀ ayaba tí Juliet ṣe nínú fíìmù ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: "Ẹ gbé adé yín. Ẹ dá ọmọ mi padà fún mi." Ohùn yẹn kò gbó rárá. Ọmọ́ṣọlá dìde. "Bàbá, ta nìyẹn?" Mo ní, "Fíìmù Juliet ni. Mo máa ń tàn án sílẹ̀ kí ilé má baà dákẹ́." Ẹni tó mú kámẹ́rà ní, "Ẹ má pa á o. Ẹ jẹ́ ká gbà á sílẹ̀." Miriam gbọ́ ìyẹn náà. Ó tún ọ̀rọ̀ ayaba sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi tán. Èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kámẹ́rà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán tí mo ṣílẹ̀kùn, ó ti wé gèlè rẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó òkú mi." Ó di ẹrù, ó gba ilé wọn lọ ní Bùnù. Àbúrò rẹ̀ sọ pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú, kí fíìmù Ọmọ́ṣọlá tó jáde. Ọmọ́ṣọlá, dárí jì mí. N kò rí ẹni tí mo ṣẹ̀ bẹ̀ mọ́.

Ohùn Miriam ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Orúkọ Juliet ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.