Mo Gbé Iṣẹ́ Orogún Mi Mì, Owó Mọ́tò Sì Fò Sókè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Ìyá àgbà ni mí, Ayétòrò ni mò ń gbé. Ẹ̀kọ́ àgbà ni mo fi mọ̀wé kọ, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ. N kò lè ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tí ará ilé mi kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ni. Orúkọ tí mo máa pe àwọn ènìyàn níbí, kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Nǹkan kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe apá ọ̀dọ̀ wa ní Ẹ̀gbádò, nígbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá. Mo rò pé màá gbé e lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Èmi ni ìyálé. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyàwó tí ọkọ wa fẹ́ lé mi. Ó ń ra àgbàdo àti ata gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìhà Jóga-Orílẹ̀, ó ń kó o lọ tà ní Èkó. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń jẹ́ Lásísì ló ń bá a kó o. Ọkọ̀ Lásísì ti gbó, ẹ̀mejì ni ata ti tú dànù lójú ọ̀nà. Àbẹ̀kẹ́ wá pinnu pé òun máa ra píkọ́ọ̀pù tuntun, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sínú rẹ̀ rí. Ó ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, ọkọ wa náà sì fi owó kòkó kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó hùwà burúkú sí mi. Kì í rí mi fín. Ó máa ń sọ pé, "Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jókòó níwájú. Èmi a wà lẹ́yìn pẹ̀lú ata mi." Ì bá sàn fún mi ká ní ó ń gbéraga. Ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Ọkọ wa ló dá ọgbẹ́ sí mi lọ́kàn. Àyè kan wà níwájú ilé wa tí oòrùn máa ń pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń sá láfún láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bọ́ síbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ó ní kí n kó láfún mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, pé ibẹ̀ ni mọ́tò máa sùn. Mọ́tò kò tíì dé o. Ẹ̀yìnkùlé wa kì í rí oòrùn, láfún mi kò gbẹ dáadáa mọ́, ó ń rùn.

Àwọn ará àdúgbò ti ń kí Àbẹ̀kẹ́ ní ìyá ọlọ́kọ̀. Obìnrin kan tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ kọjá níwájú mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé ìyá ọlọ́kọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Owú ni. N kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Ní ilé wa nígbà yẹn, àlejò kì í kọjá ìyálé lọ bá ìyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ fún ìyàwó, ìyálé ló máa gbà á, òun ló máa bu omi fún àlejò, òun ló sì máa jíṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Lásísì fi dúró lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tó ti Èkó dé. Àbẹ̀kẹ́ wà lóko. Lásísì kò pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, torí bó bá pa á, wọ́n máa tì í kó tó ṣiṣẹ́.

Ó ní ọkùnrin tó ń ta mọ́tò fún Àbẹ̀kẹ́ ní Èkó ní kí òun sọ fún un kíákíá. Ìjọba fẹ́ fi kún owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò tuntun tó ń ti òkè òkun bọ̀. Àwọn mọ́tò tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, owó ibodè àtijọ́ ló ti san lórí wọn. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iye tí wọ́n jọ sọ ni yóò san. Bí kò bá dé, ẹlòmíràn ni yóò rà á, èyí tó bá sì tún wọlé, owó rẹ̀ á yàtọ̀.

Lásísì ní, "Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sùn lé ọ̀rọ̀ yìí lórí. Èmi ń kọjá lọ sí Ìfọ́nyìntẹ̀dó lọ kó ọsàn, n ò mọ ọjọ́ tí màá dé."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ náà yé mi. Ọmọ ẹ̀bá ibodè ni wá. A mọ̀ ọ́n lórí ìrẹsì, a mọ̀ ọ́n lórí aṣọ: bí wọ́n bá fi owó kún ibodè, ọlọ́jà kò ní yọ ọ́ nínú àpò ara rẹ̀. Owó ibodè kì í sùn sí ibodè, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rajà ló ń wá sùn. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, mọ́tò náà kò ní dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ti oko dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ìyálé mi, ṣé kò sẹ́ni tó wá mi?" Mo ń ṣa láfún tó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dáa. Mo ní kò sẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé màá wí fún un lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí.

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wá lọ ra mọ́tò ní Èkó, ọkọ wa bá a lọ. Ó ti gbá iwájú ilé mọ́ kí wọ́n tó jáde. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wálé láti ibi tí ọkọ̀ já wọn sí. Owó náà ṣì wà ní ìbàdí Àbẹ̀kẹ́ bó ṣe dì í lọ. Ó ní wọ́n ti fi kún owó ibodè, mọ́tò tirẹ̀ ti lọ, owó ọwọ́ òun kò sì súnmọ́ iye tí wọ́n ń pe èyí tó kù. Àwọn kan ní kó lọ ra á ní Kútọnu, kó gba ọ̀nà igbó wọlé. Ó ní òun kò lè ra mọ́tò tí òun á máa fi ewé bò.

Nígbà tí Lásísì dé, ó ní òun jíṣẹ́. Gbogbo ilé wò mí. Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di méjì. Mo ní n kò rí i. Mo tún sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ra mọ́tò tirẹ̀, ẹrù ta ni Lásísì máa kó? Ẹ rò ó wò." Wọ́n rò ó, ó jọ òótọ́. Ọkọ wa lé e jáde.

Lásísì kò bá mi jà. Ó yà sọ́dọ̀ mi kó tó lọ, ó ní, "Ìyálé, omi tí ẹ bù fún mi mu níbí ńkọ́?"

Mo ní, "Omi wo?"

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Lásísì Agbéṣẹ́mì. Kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́ mọ́. Ẹrù dín kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ta ọkọ̀ náà nígbẹ̀yìn, ó padà sóko. Àbẹ̀kẹ́ ní òun kò tún ní gbé ẹrù fún un láé, ọkọ̀ mìíràn kì í sì í wọ àwọn ọ̀nà oko yẹn. Orí ló fi ń ru àpò àgbàdo jáde sí títì. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ báyìí, kò lè gbójú sókè dáadáa. Mọ́tò ń wọ́n sí i ni, owó tó tù jọ sì tú sínú oúnjẹ àti ilé-ìwé àwọn ọmọ. Kò ní mọ́tò títí dòní.

Èmi kó láfún mi padà síwájú ilé. Ó gbẹ dáadáa. Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀.

Ọkọ wa ti kú. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ọrùn yẹn, ló ń gbé omi ìwẹ̀ wá fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ Àbẹ̀kẹ́ obìnrin mú ọ̀dọ́kùnrin kan wálé pé ẹni tó fẹ́ fẹ́ òun nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ń ṣiṣẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaro, ọmọlúwàbí ni. Àbẹ̀kẹ́ bi í léèrè ilé tó ti wá. Bó ṣe dárúkọ Lásísì pé bàbá àgbà òun ni, Àbẹ̀kẹ́ gbé omi tó fẹ́ fún un padà. Ó ní, "Ilé yẹn kọ́ ni wọ́n ti máa wá fẹ́ ọmọ mi." Ọmọbìnrin náà wá bá mi, ó ń sunkún. Ó ní, "Màmá Àgbà, tiyín nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí ji Bàbá Lásísì."

Bí mo bá bẹ Àbẹ̀kẹ́, yóò gbà nítorí mi. Wọ́n á ṣe ìgbéyàwó, n kò sì ní jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí ni Lásísì ṣe tí a fẹ́ dárí rẹ̀ jì í? Ó ṣì wà láyé. Wọ́n ní ó ti gbà láti bá wọn wá, kó wá dọ̀bálẹ̀ bẹ Àbẹ̀kẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Arúgbó náà fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi, níwájú ilé wa, lórí ilẹ̀ tí mo ti ń sá láfún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún Àbẹ̀kẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, àbí kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? N kò bẹ̀rù pé yóò lé mi. Kò ní lé mi. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé yóò ṣì máa gbé omi ìwẹ̀ wá fún mi, kò kàn ní pè mí ní ìyálé mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, èmi ṣì ni ìyálé. Èmi ni mo máa bu omi fún Lásísì.