Fáìlì Tí Mo Pa Rẹ́ Ló Dáhùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé lọ́dún kan nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, àfi àdúrà kan tí wọ́n gbà fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Tísà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Òkìtìpupa. Èmi àti Akínlolú, ọmọ Erínjẹ, la jọ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí a ní. Èmi ni ọ̀gá, òun ló mọṣẹ́. Python, èdè kan tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló fi kọ ètò tó ń ṣe èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Òun nìkan ló sì máa ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nínú Python, fáìlì kan lè pe òmíràn lórúkọ pé kó wá ran òun lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n pè yẹn ni mọ́dù. Àwọn orúkọ kan wà tí a bí mọ́ mọ́dù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni `__name__`. Bí o bá fọwọ́ ara rẹ bẹ̀rẹ̀ fáìlì náà, `__main__` ló máa wà níbẹ̀, bíi pé òun ni baálé. Bí fáìlì mìíràn bá pè é, orúkọ tirẹ̀ gan-an ló máa wà níbẹ̀. Èkejì ni `__doc__`, tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ fi síbẹ̀rẹ̀.

Akínlolú máa ń rẹ́rìn-ín pé, "Ọ̀gá, ó máa ń mọ̀ bí wọ́n bá pe òun."

Ibà mú un. Ọjọ́ mẹ́fà péré, ó kú.

Ọ̀gá ilé ìwé tuntun dé láti Abẹ́òkúta, ó ń wá ẹni tí yóò fi ṣe igbákejì. Mo da mọ́dù Akínlolú, èyí tí ètò èsì náà ń pè, kọ sínú fáìlì tuntun, mo forúkọ ara mi sí i, mo sì pa tirẹ̀, `akin.py`, rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ń kán mi ni, n kò tilẹ̀ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ fáìlì tèmi nìkan wò, ó ṣiṣẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi han ọ̀gá, àwa méjì la wà nínú yàrá. Mo bẹ̀rẹ̀ odidi ètò èsì náà. Mo ti gbàgbé pé ìlà kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń pe `akin`, kì í ṣe fáìlì tèmi. Ó yẹ kó wá a tì. Ó pè é, ó sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà: "Èmi Akínlolú ni mo kọ ọ́. Ìyá mi, ohun tí mo ń ṣe láti àárọ̀ rèé."

Nílé wa, bí ẹni tí o kò rí bá pè ọ́, o kì í jẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ohun tí èèyàn ń ṣe bí ẹni tó ti kú bá jẹ́ ìpè.

Ọ̀gá ní, "Ta ni Akínlolú?"

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n, sà. Bóyá àwọn tó ta kọ̀ǹpútà fún wa ni."

Mo padà rí ìdí rẹ̀. Python ti tọ́jú ẹ̀dà kan, `akin.pyc`, tí n kò pa rẹ́. Akínlolú sì ti pàṣẹ fún un pé bí `__name__` kò bá ti jẹ́ `__main__`, kó gbé `__doc__` jáde. Mo mọ̀ ọ́n tán, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. N kò lè pa ẹ̀dà náà rẹ́. Mo kó o sínú díìsì, mo tì í mọ́ àpótí.

Wọ́n fi mí ṣe igbákejì. Ìyá Akínlolú, tó ń fún epo ní Erínjẹ, máa ń bi mí pé, "Tísà, kí ni ọma mi ń ṣe nídìí ẹ̀rọ yín nígbà ayé rẹ̀ tó fi ń gbàgbé oúnjẹ?"

Mo máa ń ní, "Ó ń kọ́ṣẹ́ ni, ìyá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá la sọ ọmọ wa lórúkọ. Ìyá náà wá pẹ̀lú sùtánà funfun ìjọ wọn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání. Ó gba ọmọ náà mọ́ra, ó ní, "Tísà, bí o ti ṣe fún ọma mi, bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run ṣe fún ọma tìrẹ."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Díìsì náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ sí Erínjẹ, kí n sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún un? Bí mo bá sì sọ ọ́, ṣé yóò bá mi gba àmín yẹn padà?