Ìyá Ni Mí Nígbà Ìsìnkú, Àlejò Ni Mí ní Báǹkì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má bínú pé ẹkún ni mo fi ṣíwájú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, èmi náà sì ń gbìyànjú láti ríran. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ọmọ mi sí, n ò sì tíì mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n jókòó sílé. Ẹ óò sọ pé èèwọ̀ ni, pé abiyamọ kì í rí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀. Èèwọ̀ ọ̀hún gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Èmi kọ́ ni mo lóyún Tájù. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá tó bí i kú sí, ọmọ náà ò sì tíì rìn nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ mi. Bíríkìlà ni ọkọ mi, láti Ìkirè ló ti wá bá wọn kọ́lé ní Lẹ́kí, nígbà tí ẹrẹ̀ àti koríko ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni Tájù wà tó fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ mìíràn, ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún yín, n kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí pé n ò bímọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rántí? Ní gbogbo Ìkátẹ Ẹlẹ́gùṣì tí mò ń gbé, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìyá Tájù ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Nígbà tí ọkọ mi kú, iṣẹ́ ìránṣọ ni mo fi rán ọmọ náà níléèwé. Kọ́tìnnì ni mò ń rán fún àwọn ilé tuntun inú ẹ́sítéètì, àwọn ilé tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wọn máa ń bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ.

Tájù dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ iná, ó wá ń gbé sólà sórí òrùlé fún àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ náà gbè é. Ó ra ilẹ̀ sí Lákọ̀wé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, yàrá ìsàlẹ̀ ni tiyín, orúnkún yín ò fẹ́ àtẹ̀gùn.” Ara mi ti wà lọ́nà, mo wọn gbogbo fèrèsé ilé náà, mo sì rán kọ́tìnnì wọn pé kí wọ́n tó kan òrùlé. Nígbà tó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rán kọ́tìnnì fún afẹ́fẹ́ l'Ékòó!” Owó tó fẹ́ fi kanlé ló ń kó jọ sí báǹkì. Àwọn kọ́tìnnì náà wà nínú àpò lábẹ́ ibùsùn mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Láti orí òrùlé kan ní Ṣàngótẹ̀dó ni ọmọ mi ti já bọ́. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi dákẹ́. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pa mọ́, nítorí náà ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Ajah, Bàbá Ìkirè là ń pè é, ló gba gbogbo ètò náà ṣe. Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó gbé ọmọ mi mú, mo ní àfi kí wọ́n gbé mi dání. Bàbá Ìkirè fúnra rẹ̀ ló ja ọwọ́ mi kúrò. “Ìyá Tájù, ṣe ọkàn akin. Ìyá kì í rí ojú oórì ọmọ. Ìwọ lo lọ́mọ, àwa la máa sin ín.” Àwọn obìnrin àdúgbò dì mí mú, wọ́n ń sọ fún mi pé ọmọ kú, ó yá ju ọmọ nù lọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà padà dé, mo rí yẹ̀pẹ̀ lára bàtà wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n ti lọ fún mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kódà, kí n má tàn yín, ó tù mí nínú pé wọ́n ṣe mí bí ìyá.

Káàdì ATM Tájù wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ nọ́ńbà rẹ̀, torí ó máa ń rán mi níṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn mi ní kí n sáré lọ fa owó náà kí báǹkì tó gbọ́. Mo kọ̀. Kí ni mo ń sá fún? Ṣebí Tájù ti sọ fún mi pé èmi lòun kọ sí báǹkì gẹ́gẹ́ bí next of kin, pé “ìyá mi” lòun kọ síbẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wọ aṣọ tó mọ́, mo mú ìwé ikú dání, mo sì lọ fẹnu ara mi sọ fún wọn pé ọmọ mi ti kú. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ṣe jẹ́jẹ́. “Ẹ pẹ̀lẹ́ Mọ́mì, ẹ kú ara fẹ́ra kù. But next of kin ò mean pé ẹ̀yin lẹ lowó o, ẹni tá a máa pè ni. Kóòtù ló máa fún yín ní letter tá a máa fi release ẹ̀.” Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ti àkáǹtì náà pa. Yéè! Èmi tí mo fẹ́ ṣe òótọ́!

Mo lọ sí kóòtù. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo àwọn ìwé mi, ó ní, “Ma, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?” Mo ní èmi ni mo tọ́ ọ láti kékeré. Ó ní òun ò bi mí bóyá mo tọ́ ọ. Ó ní ṣé mo níwèé pé ìjọba fi ṣe ọmọ mi. Ìwé kẹ̀? Ta ní ń gbàwé lórí ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn? Ó fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé pé Tájù ò láya, kò lọ́mọ, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lòfin mọ̀. Ó ní kí n lọ bá a sọ ọ́ nítùnbí ìnùbí.

Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mò ń lọ sí Ajah, torí mo rò pé baba náà á gbà mí sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àṣé ojú lásán ni mò ń rí! Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ ṣáájú mi, ó sì ti ń wá ìwé ilẹ̀ Lákọ̀wé. Ó jókòó, ó wò mí lójú, ó ní, “Ìyá Tájù, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìwọ kọ́ ni ìyá Tájù.” Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀? Orúkọ tó ń gbà lọ́wọ́ mi náà ló fi pè mí.

Ìbínú gbé mi dìde. Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Bí èmi kọ́ bá ni ìyá rẹ̀, a jẹ́ pé èèwọ̀ ò kàn mí mọ́. Ẹ dìde, ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ sin ín sí.” Mo rò pé ojú á tì í. Mo rò pé á rántí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn. Baba náà họ àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Kò burú. Tó bá di Sátidé, wá, màá mú ẹ lọ. Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé fún wa pé ìwọ kọ́ ni ìyá rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di méjì.” N ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ lọ ṣe ìwé o, kí ẹ má rò pé ìfẹ́ tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kówó jọ, ẹ kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, ẹ má sọ pé ikú ṣì jìnnà. Agbẹjọ́rò kan tí mo rán kọ́tìnnì fún ní kí n má fọwọ́ sí ohunkóhun, pé a lè jà fún ilé náà. Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ló ń jẹ́ kí n máa la ojú sùn. Àwọn tó ní ọmọ kú, ó yá ju ọmọ nù lọ, kí ni wọ́n fẹ́ wí nípa tèmi tó kú tó tún nù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Bí mo bá lọ, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ pé èmi kọ́ ni ìyá Tájù. Bí n ò bá sì lọ, ibo ni kí n dúró sí tí n bá fẹ́ pe orúkọ ọmọ mi?