Pátákó Ìdúpẹ́ Orí Òrùlé

Kẹ́tù kẹ̀? Èmi ni mo fi kẹ́tù iná pa bátìrì sólà? Ọ̀gá, ẹ gbé ìwé yẹn sílẹ̀, ẹ wo ojú mi. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mo ti lo ogún ọdún nínú ilé àwọn arúgbó yìí, èmi lẹ ka lẹ́tà ìkìlọ̀ sí létí níwájú alásè, níwájú afọṣọ, níwájú ẹni tó ń ṣọ́ géètì, pé omi tí mo fi ń rẹ ẹsẹ̀ ara mi ni mo ń sè tí iná fi ń lọ lọ́sàn-án! Ẹ tún wá fi téèpù pupa dí sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mi. Háà! Kẹ́tù tí ẹ ń wí yẹn, ó ti bàjẹ́ láti èṣín, ṣíbí ni mò ń kó sínú rẹ̀!

Rárá, mi ò ní jókòó. Mi ò sì ní rọra sọ̀rọ̀.

Ṣebí gbogbo wa la jọ bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n ṣàánú wa, kí wọ́n bá wa ra sólà? Owó epo dísẹ́ẹ̀lì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ilé yìí tán, oògùn ń dín, ọbẹ̀ ń ṣàn. Sólà dé, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ gbáko, inú wa dùn, èmi gan-an jó. Ẹ ta jẹnẹrétọ̀, mi ò bá yín jà, mo ní ariwo rẹ̀ ti tó. Àmọ́ oníná tó wá so sólà kìlọ̀ fún yín níṣojú mi o! Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má fi nǹkan kan dúró níwájú wọn, wọ́n so kọ́ra ni, tí òjìji bá bo díẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa fà sẹ́yìn.” Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé pátákó gàgàrà sórí òrùlé, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin olóore wa,” kí wọ́n lè máa rí orúkọ wọn láti ojú títì. Ṣé orúkọ ni wọ́n fún wa ni, àbí iná?

Ẹ ní báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo ṣọ́ ọ! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró lójú fèrèsé òkè níbi tí wọ́n ń sá aṣọ, mi ò jẹun ọ̀sán. Bí aago kan bá ti ń lù báyìí, òjìji pátákó yẹn á yọ́ dé orí pánẹ́ẹ̀lì kìíní, á gba ti kejì, á gba ti kẹta. Oòrùn àárọ̀ nìkan ò sì lè bọ́ bátìrì yó. Kó tó di aago méjì, ẹ̀rọ tó ń fún Bàbá Télọ̀ ní atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ṣé kẹ́tù ló ń gun òrùlé lójoojúmọ́ ni?

Àná ńkọ́? Ètè bàbá di aró. Bàbá tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ wá síbí! Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wò mí, kò lè sọ̀rọ̀. Sílíńdà atẹ́gùn kan ṣoṣo tó kù la fi gbà á sílẹ̀, ó sì ti tán. Ṣé ẹ gbọ́? Ó ti tán! Ẹ̀rù bà mí, Ọ̀gá. Mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀, mo sunkún.

Kí lẹ wí? Pé àwọn olóore ń bọ̀ lọ́la wá ya fọ́tò, kí n ní sùúrù di ọ̀túnla? Sùúrù! Ẹ lọ sọ ìyẹn fún èdọ̀fóró bàbá! Tí lẹ́tà yẹn bá wù yín, ẹ kọ mẹ́wàá sí i, ẹ lé mi lọ pàápàá, ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run búra, pátákó yẹn ò ní rí aago kan lórí òrùlé lónìí.

Aago méjìlá ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Oníná ti wà lórí àkàbà, èmi ni mo pè é. Ó ní ẹ ti kìlọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pátákó, àfi kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Fèrèsé nìyí. Ẹ ṣí i, ẹ sọ fún un.

Ilẹ̀ lẹ ń wò? Ó dáa. Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá Bàbá Télọ̀, kí ẹ jókòó ti ibùsùn rẹ̀, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí aago kan lù bá yín níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fọ́tò fún un.