Ewé Tí A Fi Dí Ọ̀nà Nínú Ihò Àpáta

Ọlọ́run tó yọ mí lábẹ́ òkè, mo wólẹ̀ fún un! Ẹ̀yin ará, Bàbá Tósìn ló dúró níwájú yín yìí, kì í ṣe òkú mi. Alelúyà!

Ìgbẹ́ àdán la lọ kó. Ajílẹ̀ ti wọ́n jù, wọ́n sì ní ìgbẹ́ àdán inú ihò àpáta mábù tó wà lẹ́yìn Ìgbẹ́tì níbí máa ń jẹ́ kí iṣu ta dáadáa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Bàbá Sàfú, la jọ wọlé lọ́sàn-án Sátidé, pẹ̀lú àpò méjì àti tọ́ọ̀ṣì kan. Mùsùlùmí ni, oko wa ló pààlà.

Inú ihò náà, oríta lórí oríta ni. Ẹ mọ bí àwa àgbẹ̀ ṣe ń ṣe: ọ̀nà tí a ò bá gbà, a ó fi ewé dí i. Mo ti ṣẹ́ ewé dání láti ìta, mo ń fi dí ọ̀nà bí mo ṣe ń lọ níwájú. Àṣé Bàbá Sàfú tó wà lẹ́yìn mi náà ń fi ewé tirẹ̀ sí ọ̀nà tí a gbà wá, kí a lè dá a mọ̀ tí a bá ń bọ̀! Nígbà tí a kó ìgbẹ́ tán tí a padà dé oríta, gbogbo ojú ọ̀nà ló ní ewé. Èwo ni tèmi? Èwo ni tirẹ̀? Igi kan náà la ti ṣẹ́ ẹ.

Mo pariwo mọ́ ọn. Ó ní, “Bàbá Tósìn, o ò sọ fún mi pé ìwọ náà ń fi ewé sí ọ̀nà.” Òótọ́ ni, n ò sọ. Ta ló ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀? A gba ọ̀tún, ògiri la bá. A gba òsì, omi mù wá dé orúnkún. Orí mi dàrú pátápátá. Ìyá Tósìn ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo lọ.

Tọ́ọ̀ṣì wá ń ṣẹ́jú. Mo kúnlẹ̀, mo ké pe Jésù pé kó má jẹ́ kí iná yìí kú. Bàbá Sàfú náà ń ṣe àdúà tirẹ̀. Ẹ̀yin ará, n ò tíì ṣe àmín tán tí tọ́ọ̀ṣì fi kú!

Mo sunkún bí ọmọdé. Olúwa, ṣé ìdáhùn rèé? Bí mo ṣe ń nu ojú ni mo rí nǹkan funfun kan lọ́ọ̀ọ́kán, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ìmọ́lẹ̀ òde ni! Tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn sí wa lójú ni kò jẹ́ ká rí i. A fi àpò sílẹ̀, a rá lọ síbẹ̀, a sì jáde sínú oòrùn.

Títí di àárọ̀ yìí, kò yé mi. Mo rò pé bóyá àdúà Bàbá Sàfú ló gbà, ni mo bá bi í. Ó ní òun náà, kí iná má kú lòun bẹ̀.

Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yin Ọlọ́run tí kò fún mi ní ohun tí mo bẹ̀!