Apá Òsì Oko Iṣu Wa

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín. Bàbá wa Ìmáàmù, ẹ̀yin àgbà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ tí mo fi bàọ́lọ́jì dà láàmú, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní kí èmi Mùnírà sọ̀rọ̀ ìdùnnú lónìí tí mo fẹ̀yìn tì. Ẹ forí jì mí, ìdùnnú ò pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ta ni ǹ bá kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe Ìyá Jùwọ́nlọ, olùkọ́ kẹ́mísìrì? Nígbà tí mo wà nínú opó ọkọ mi, òun ló ń bá mi kọ́ kíláàsì mi, tí yóò tún gbé ọbẹ̀ wá, tí yóò jókòó tì mí. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un.

Ẹ mọ̀ pé a sin Sàmíát, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Nígbà tí àìsàn ọmọ náà le, mọ́ṣáláṣí ṣàdúà, ṣọ́ọ̀ṣì ṣàdúà. Ó kú. Ṣé àdúà ọ̀hún kò dé ibì kankan ni, àbí ó dé tí Ọlọ́run kò dáhùn? Wọ́n ní kí n má béèrè. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ yín pé bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀, báwo ni n ò ṣe ní béèrè?

Mo bá pín oko iṣu wa sí méjì. Èèbù kan náà, ilẹ̀ kan náà. Bí a bá ti dé oko, mo ń ṣàdúà sí ebè apá ọ̀tún, n kì í sọ nǹkan kan sí apá òsì, kí n lè fi èkíní wé èkejì. Ọdọọdún la ń wa iṣu, ọdọọdún ni ọ̀tún àti òsì ń dọ́gba. Mo gbà lọ́kàn mi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Bàbá Ìmáàmù, ẹ má bínú, mo ká ẹní ìkírun mi, mo fi sórí àjà. Àdúà oko nìkan ló kù lẹ́nu mi, ìyẹn náà, torí àyẹ̀wò ni. Ọkọ mi, Tájù tí gbogbo yín mọ̀, kò bá mi jà.

Lójò èṣí, nígbà tí ọkọ mi ò lè dìde mọ́, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní, "Ìyá Sàmíát, dárí jì mí. Láti ọdún àkọ́kọ́, bí o bá ti kẹ́yìn sí mi, mo ń ṣàdúà sí apá òsì. Àánú uṣu ọ̀ún ló ń ṣe mí, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, àyẹ̀wò tí ẹlòmíràn ti tọwọ́ bọ̀, kí la máa ń wí nípa rẹ̀? Ó ti bàjẹ́. Kò lè sọ pé Ọlọ́run gbọ́, kò lè sọ pé kò gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọkùnrin kan wà tí kò lè fi ebè kan sílẹ̀ láìṣàdúà fún un, mo sì bá a gbélé láìmọ̀. Ó dùn mí. Bí mo ṣe dúró yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Ọdún yìí gan-an ni ìdáhùn ìbá tó dé, torí kò sẹ́ni tí yóò yọ́ lọ sí apá òsì mọ́. Òjò ti rọ̀, iṣu ti wọlẹ̀. Lánàá mo sọ ẹní mi kalẹ̀ láti orí àjà, mo gbé e lọ sóko. Apá òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-ìwé yìí kò ní jó rẹ̀yìn. Ẹ kò ní fi ọwọ́ yín sin ọmọ. Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣaláìní ẹni tí yóò máa yọ́ ṣàdúà fún un lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣé o.