Ìdajì Ẹja Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Jí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa ti dé etí àwọn tí n kò mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ní ẹ̀yìn ilé yín. Nítorí tiyín ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó ni wá, Ouagadougou níbí, ní Burkina Faso, ni wọ́n sì bí wa sí. Ẹ̀gbọ́n mi Ràfíátù ń gbé ní àdúgbò Pissy. Èmi àti ọkọ mi wà ní Patte d'Oie. Ẹ̀gbọ́n mi mọ kòtò omi onísìmẹ́ǹtì sẹ́yìn ilé rẹ̀, èyí tí a ń pè ní bàsáǹ, ó sì ra ẹgbẹ̀ta ọmọ ẹja àrọ̀. Ọkùnrin tó tà á fún un wo bàsáǹ náà, ó ní ìdajì péré ni kó kó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ṣé ẹja ló ń tà ni àbí ìmọ̀ràn. Ó da gbogbo rẹ̀ sómi.

Èmi ni mò ń bá a pààrọ̀ omi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọgọ́rùn-ún kí èmi náà máa sìn. Ó ní kí n lọ ra tèmi. Ó dùn mí gan-an.

Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Àwọn ẹja ń yọ ẹnu sókè láti mí. Wọ́n ń bu ara wọn jẹ nírù. Láràárọ̀ là ń ṣa òkú, àwọn tó sì wà láàyè kò tóbi ju ìka ọwọ́ mi lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí gbogbo ilé lọ kírun, mo fi ajere gbọ́n ẹja sínú garawa oníderí méjì. Mo so wọ́n mọ́ moto mi, ìyẹn alùpùpù, mo gbéra. Níbi tí iná pupa ti dá wa dúró lójú títì, àwọn ẹja ń lu ìdérí gbì, gbì. Obìnrin kan tó wà lórí moto lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi èdè Mooré béèrè ohun tí mo gbé. Mo ní omi ni.

Ó ní, "Omi tó ń jà?"

Mo sáré kúrò níbẹ̀. Mo da ẹja náà sínú bàsáǹ tí ọkọ mi mọ fún omi ìfọṣọ, mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi. Mo tún padà lọ kó sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹ má rò pé àánú ẹja ló ṣe mí. Ojúkòkòrò ni, àti ìbínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹja ẹ̀gbọ́n mi kò yọ ẹnu sókè mọ́. Òkú dínkù títí a kò fi rí kankan mọ́. Wọ́n ń jẹun bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ebi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹyọ kan nípọn tó apá àgbàlagbà. Gbogbo àdúgbò wá wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi kà wọ́n, ó ní, "Àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo dáhùn pé, "Àwọn ńlá ló jẹ àwọn kéékèèké."

Ó gbà mí gbọ́. Ó tún sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Ó ń sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n kó ẹja sómi fọ́fọ́, pé àwọn alágbára yóò fi àwọn aláìlera sanra. Mo gbọ́ ọ, mo ń bá a pààrọ̀ omi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Màmá Áwà, opó tó múlé ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí bàsáǹ rẹ̀. Ẹnu ẹja ló bo ojú omi. Màmá Áwà jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Wọ́n ti ń yan alágbára láàrin ara wọn."

Mo ké pe ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó dé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ẹja mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Lórí moto?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. "Àṣé olè ló sọ mí di ọ̀gá!"

Màmá Áwà pariwo pé, "Ẹ dá ẹ̀rín dúró, ẹja mi ń kú!"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nìyẹn. A fi garawa àti abọ́ kó ìdajì lọ sínú bàsáǹ ẹ̀gbọ́n mi, tó ṣófo nígbà náà torí ó ti ta ẹja rẹ̀ tán. Ẹja ń fò bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ń lé wọn nínú eruku, wọ́n ń kó wọn fún wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwa náà ń dúpẹ́, barka, barka. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹja ti rì sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mi kò dùn báyẹn rí láti ọdún méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "D'accord, ó dáa, mo dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́ fún ẹgbẹ́. Iwájú ni màá jókòó sí."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ pe ara mi ní olè ni, àbí kí n kọ́kọ́ sọ ti omi? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí irọ́ mi ti pa lẹ́ja, mo kúnlẹ̀, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dìde lọ wo bàsáǹ yín báyìí. Bí ẹnu bá ti pọ̀ lójú omi, ẹ bu ìdajì fún àbúrò yín, kó tó jí i.